Ìbejì tàbí ará-ojúlé: kí la ó pe ísótóòpù?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè o. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Mọ́kọ́lá ní ká máa pe ísótóòpù, ìyẹn àwọn átọ́mù ẹ́límẹ́ǹtì kan náà tí ìwúwo wọn yàtọ̀, ní "ìbejì átọ́mù", kí àwọn oníròyìn rédíò n'Íbàdàn lè rí nǹkan sọ tí wọ́n bá ń ṣàlàyé kábọ́ọ̀nù inú gáàsì tó yí àwọn ìràwọ̀ ọ̀dọ́ tó jọ oòrùn ká. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n kò fara mọ́ ọn. Kábọ́ọ̀nù 12 wà, 13 wà, 14 náà wà. Ṣé ìbẹta la ó wá máa pe ìyẹn ni?

Pírótọ́ọ̀nù àti nítírọ́ọ̀nù ni èérún tó wà láàárín átọ́mù. Pírótọ́ọ̀nù 6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Iye nítírọ́ọ̀nù wọn ló yàtọ̀: 6, 7 àti 8. Àyè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ wà nínú tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, òun ni Frederick Soddy, onímọ̀ kẹ́místrì, rí ní 1913 tó fi mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí "ibì kan náà". Ní agboolé wa, sísanra tàbí títẹ́ẹ́rẹ́ ènìyàn kò yí ojúlé rẹ̀ padà. Ará-ojúlé ni mo fọwọ́ sí. (Èédú tí ẹnìkan dá lábàá fún kábọ́ọ̀nù, ẹ jẹ́ ó wà ní ilé ìdáná.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni "ìyípadà" tí àbúrò wa ará Bódìjà lò fún bí ìpín àwọn kábọ́ọ̀nù yìí kò ṣe dọ́gba níbi gbogbo. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé 12 di 13 ni. Rárá o. Iye 12 tó wà fún 13 kọ̀ọ̀kan ló ń yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Nínú gáàsì àárín àwọn ìràwọ̀ tó wà nítòsí wa, ó tó bí 68. Nínú ètò oòrùn wa, bí 89. Ní TW Hydrae, ìràwọ̀ ọ̀dọ́ kan tó fúyẹ́ ju oòrùn lọ díẹ̀, àwọn tó lo ALMA, awò tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run ní Ṣílè, rí i pé nínú kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́sáìdì (gáàsì tí kábọ́ọ̀nù kan àti ọ́síjìn kan so pọ̀ dá), ó jẹ́ bí 20 ní apá kan àwo gáàsì rẹ̀, ó sì lé ní 80 níwájú síta.

Kí ló lè fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀? Níbi tí gáàsì bá ti tutù gan-an, 13 a máa gba ipò 12 nínú mọ́nọ́sáìdì. Pàṣípààrọ̀ nìyẹn, kò sí èyí tó di èkejì. Ní ibòmíràn, ìtànṣán ultraviolet, tí ojú wa kò lè rí, ló ń fọ́ mọ́nọ́sáìdì náà: èyí tó ní 12 pọ̀ débi pé ó ń ṣíji bo ara rẹ̀, ti 13 kò sì ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. 14 nìkan ló ń yí padà lóòótọ́, tó ń di náítírójìn, ìdajì rẹ̀ láàárín bí 5,730 ọdún. Ẹ jẹ́ ká fi "ìyípadà" pamọ́ fún un, ká sì pe ti 12 àti 13 ní "ìyàtọ̀ ìpín ará-ojúlé".

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù, kó kọ́kọ́ fi sínú gbólóhùn TW Hydrae yẹn, kó kà á sókè, kó tó fi ránṣẹ́.