Ṣé ìmọ̀tuntun ló gbé báǹkì ró nígbà Kòrónà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìmọ̀. Ohun tí mò ń wádìí nìyẹn. Mo fi èrè ọdún 2019 wé ti 2020, kò yanjú: bí oníbàárà ṣe ń fi fóònù fowó ránṣẹ́ ni èlé ń wálẹ̀, tí báǹkì sì ń ya owó ńlá sọ́tọ̀ nítorí gbèsè tó lè bàjẹ́. Mo wá wo àwọn tó ti náwó sórí ẹ̀rọ ṣáájú àrùn náà, àmọ́ àwọn yẹn gan-an ló sábà máa ń tóbi, tówó wà lọ́wọ́ wọn. Báwo ni mo ṣe lè dá iṣẹ́ ìmọ̀tuntun mọ̀ yàtọ̀ sí agbára tí báǹkì ti ní tẹ́lẹ̀? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.