Ìsinmi ìbímọ mi fẹ́ parí: ta ni kí n gbé ọmọ fún?

Abiyamọ Ọjọ́dú
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí wa, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ yìí, ìsinmi oṣù mẹ́ta tí wọ́n fún mi níbi iṣẹ́ sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́dú ni a ń gbé, Erékùṣù Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń kúrò nílé, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland bá sì le, aago mẹ́jọ alẹ́ lè lù kí n tó dé. A ní ọkọ̀ kan, ṣùgbọ́n ọkọ mi ló ń gbé e lọ sí Ìkẹjà. Kírẹ́ṣì méjì ni mo ní lọ́kàn: ọ̀kan wà ládùúgbò wa, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, èkejì wà nítòsí ọ́fíìsì mi, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ìyá ọkọ mi ní tiwọn ní kí a gbé ọmọ wá fún àwọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmú nìkan ni ọmọ ń mu, mo sì fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: èwo ni kí n yàn, kí ni kí n sì wò fínnífínní kí n tó fi ọmọ sílẹ̀?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìkòròdú
Ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ sì kú ọwọ́ lómi. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò wákàtí ná, kí ẹ tó ṣírò owó. Ọ̀pọ̀ kírẹ́ṣì kì í ṣílẹ̀kùn ṣáájú aago méje àárọ̀, wọ́n sì máa ń bu owó lé ti ẹni tí ó bá pẹ́ wá gbé ọmọ nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ti ń jáde ní márùn-ún ààbọ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa gbé ọmọ lọ sí ti àdúgbò, tí yóò tún máa lọ gbé e bọ̀, lójoojúmọ́. Bí ẹni náà kò bá sí, ti ìtòsí ọ́fíìsì ló kù, ìyẹn bí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀ fún yín, nítorí n kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó máa gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ 12 wọ dáńfó ní ìdájí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọmọ mi kejì ni mo fi sí kírẹ́ṣì kan nítorí pé ó sún mọ́ ilé. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣàkíyèsí pé ìgò wàrà mẹ́ta tí mo ń dì fún un ń ṣófo padà, síbẹ̀ mẹ́rin nínú ìlédìí márùn-ún tí mo kó sí àpò ṣì wà níbẹ̀, ọmọ á sì rọ̀ mọ́ ọmú mi bí ẹni tí kò fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo yọjú síbẹ̀ lójijì ní aago méjì ọ̀sán. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà pẹ̀lú ọmọ mọ́kànlá, ẹ̀yìnkùlé ló sì wà tí ó ń fọ aṣọ. Gbogbo àwọn ọmọ wà lórí ẹní kan níwájú tẹlifíṣọ̀n tí ń pariwo. N kò bá a jà. Mo pọn ọmọ mi, mo gbé àpò rẹ̀, mo sì lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe lọ wo kírẹ́ṣì kankan ní àárọ̀ tí wọ́n ti gbálẹ̀ dè yín. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ, láìsọ tẹ́lẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta
Nínú ohun tí ẹ kọ, mo rí ìyá, mo rí ìyá ọkọ, ọkọ̀ nìkan ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ ọkọ. Ẹ má bínú sí mi, ọkọ lèmi náà. Nígbà tí ìyàwó mi fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ti fi ìsinmi ọdọọdún mi pamọ́ de ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn. Èmi ni mo ń gbé àwọn ọmọ lọ, èmi náà ni wọ́n ń pè bí ọ̀kan bá sunkún jù. Kí ó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti mọ orúkọ gbogbo àwọn olùtọ́jú, àwọn náà sì ti mọ̀ pé bàbá àwọn ọmọ yìí máa ń yọjú.

Ẹ tún wo òfin. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún abiyamọ ní ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbí àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìdajì owó oṣù, ó kéré tán. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé apá 54 òfin kan náà fún ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nínú àkókò iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní oṣù mẹ́fà fún ọmọ àkọ́kọ́ àti ìkejì láti ọdún 2014, ṣùgbọ́n kò kan ilé iṣẹ́ aládàáni. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú méjì yẹn kàn yín. Bí kírẹ́ṣì bá wà nítòsí ọ́fíìsì, ẹ lè fi ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ fún ọmọ lọ́mú. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yín nísinsìnyí. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí ọmú bá kún tí ó ń ro yín kí ẹ tó máa ṣàlàyé ara yín.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí, Ìbàdàn
Láti òní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún wàrà sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mu ti òwúrọ̀ tán, nítorí àsìkò yẹn ni ó máa ń pọ̀ jù. Kò di dandan kí ẹ ra ẹ̀rọ. Ẹ fọ ọwọ́ mọ́, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka mú ẹ̀yìn ibi dúdú ọmú, ẹ tì í sí ọ̀nà àyà, kí ẹ tó wá rọra fún un. Ẹ má ṣe fa orí ọmú. Bí ó bá jẹ́ ìdajì ṣíbí ló kọ́kọ́ jáde, ẹ má fòyà.

Wàrà tí a fún lè wà níta fún wákàtí mẹ́rin níbi tí kò bá gbóná, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ooru Èkó, nítorí náà inú kúlà tí yìnyín wà ni kí ẹ máa gbé e sí. Nínú fíríìjì, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin. Ti fíríísà lè pé oṣù mẹ́fà níbi tí iná kì í bá lọ, n kò sì tí ì dé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí nílùú yìí. Ẹ má ṣe kó ti oṣù kan jọ. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún àwọn olùtọ́jú pé bí wàrà ọmú bá dúró, ọ̀rá rẹ̀ á léfòó, omi rẹ̀ á sì wà nísàlẹ̀. Mo mọ ìyá kan tí wọ́n da ìgò méjì rẹ̀ nù, tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Kí wọ́n gbé ìgò sínú abọ́ omi gbígbóná, kí wọ́n rọra yí i po, kí wọ́n má sì gbé e sínú máíkíròwéfù.

Ohun méjì tí mo máa ń wò nìyí. Bí ọmọ bá fẹ́ sùn, ṣé wọ́n ń fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ ni, àbí wọ́n ń da ojú rẹ̀ délẹ̀? Ṣé wọ́n sì béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára? Kírẹ́ṣì tí kò bá béèrè tiyín, ti àwọn yòókù náà ni kò béèrè.

Ìyá Àgbà, Ọ̀yọ́
Ìwọ abiyamọ, Ọlọ́run á dá a sí. Kò sí kírẹ́ṣì tí yóò fẹ́ràn ọmọ bí ìyá bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, wàrà rẹ yóò gbẹ láìpẹ́, ọmọ á sì máa wò ọ́ bí àlejò ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá sí Ọjọ́dú fún oṣù méjì, ẹ fún wọn ní yàrá tiwọn, ẹ má sì sọ wọ́n di ẹni tí yóò máa se oúnjẹ alẹ́ dè yín.

Ibi tí ìjà yóò ti wá ni omi àti àgbo. Àwa fún àwọn ọmọ wa lómi láti ọjọ́ tí a bí wọn, a ní òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Ọmọ mi tí ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ló là mí lọ́yẹ̀ pé omi tí ó tó wà nínú ọmú, mo sì gbà. Ìwọ má ṣe sọ ọ́ fún wọn o. Ọmọ tí wọ́n bí ni kí ó sọ ọ́.

Ọmọ Èkó ní London
Ní England níbí, òfin ní ọmọ mẹ́ta tí kò tí ì pé ọdún méjì ló pọ̀ jù fún olùtọ́jú kan. N kò retí pé ẹ ó rí bẹ́ẹ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n ọmọ mọ́kànlá lọ́wọ́ ẹnì kan kì í ṣe ìtọ́jú, ìkójọ ni. Ohun tí ẹ lè mú lò nínú àṣà ibí ni bí a ṣe ń mú ọmọ mọ́ ilé náà: lọ́jọ́ kìíní, ìyá àti ọmọ jọ lo wákàtí kan níbẹ̀, lọ́jọ́ kejì, ìyá jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà, ọmọ jẹun níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó sùn níbẹ̀, kí ó tó lo odindi ọjọ́. Ẹlòmíràn ni kí ó kọ́kọ́ fún un ní ìgò, kí ẹ̀yin sì jáde kúrò nínú ilé, nítorí bí ó bá ti gbóòórùn yín, kò ní gbà á.

Abiyamọ Ọjọ́dú
Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Mo yọjú sí méjèèjì lánàá. Ní ti àdúgbò wa, wọ́n ní kí n dúró ní géètì kí wọ́n lè “tún ibẹ̀ ṣe díẹ̀”. Mo dúró fún ogún ìṣẹ́jú, mo sì padà sílé. Ní èkejì, wọ́n jẹ́ kí n wọlé tààrà: obìnrin méjì pẹ̀lú ọmọ méje, ọ̀kan pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ń kọ wákàtí tí wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lóúnjẹ sínú ìwé kan tí wọ́n so bírò mọ́. Wọ́n béèrè káàdì àjẹsára kí wọ́n tó béèrè owó.

Ìyá ọkọ mi ti gbà láti wá lo oṣù méjì; ọkọ mi ló bá wọn sọ ọ̀rọ̀ omi àti àgbo, n kò sí nínú yàrá. Nígbà tí wọ́n bá padà, ọmọ yóò ti máa sún mọ́ oṣù márùn-ún, ọkọ mi yóò gba ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ láti mú un mọ́ kírẹ́ṣì ìtòsí ọ́fíìsì mi, lẹ́yìn ìyẹn yóò fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún èmi àti ọmọ, òun yóò sì máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìkẹjà. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá mi. Mo sì fún wàrà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ yìí: ṣíbí kan àti ààbọ̀.