RV àti ajá mẹ́rin, Houston sí Maryland: ibo lẹ ń sùn lójú ọ̀nà?

Ìyá Ajá Mẹ́rin (Houston)

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti ń kó ìdààmú bá mi. Ọmọ wa obìnrin tó wà ní Maryland máa bímọ ní July, èmi àti bàbá wọn fẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ títí ara ẹ̀ á fi le, a ò sì lè fi àwọn ajá wa sílẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n. Jámánì ṣẹ́pàdì méjì, ìkẹta ìyá ẹ̀ ló jẹ́ pit bull, irú ajá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù, ìkẹrin kékeré ni àmọ́ ó ti darúgbó, ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, tí kò bá ti gbóòórùn èmi tàbí ọkọ mi nítòsí kì í jẹun. Àwọn tó ń bá èèyàn tọ́jú ajá níbí, orí ajá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbowó lé lójoojúmọ́, ẹ wá fi mẹ́rin ṣírò ẹ̀ fún oṣù kan àtààbọ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ìdí tá a fi ra RV nìyẹn, mọ́tò ńlá tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú, irú tí wọ́n ń pè ní Class C, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 28, a ti ń fi rin ìrìn kékeré ní Texas níbí, Maryland yìí ló máa kọ́kọ́ jìnnà.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni ibi tá a máa sùn. Bíi máìlì 1,400 ni láti Houston débẹ̀, ọkọ mi ò sì lè wakọ̀ ju wákàtí márùn-ún lọ lóòjọ́. RV park, ìyẹn ibi tí wọ́n ń háyà àyè fún RV láti sùn, èyíkéyìí tí mo bá pè, "ajá méjì péré la ń gbà" ni wọ́n máa sọ, tí mo bá wá dárúkọ pit bull ó parí nìyẹn, wọ́n á ní inṣọ́ránsì àwọn ò gbà á. Oṣù tó kọjá, ibì kan tá a ti sanwó sílẹ̀, tá a sì ti sọ fún wọn lórí fóònù pé mẹ́rin ni, a débẹ̀ lálẹ́, obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì yọjú sí fèrèsé mọ́tò, ó ń fìka ka àwọn ajá, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, nígbà tó kan ẹ̀kẹrin ó ní ká máa lọ, òjò sì ń rọ̀ o! Ọkọ mi ní ká máa sọ pé méjì la ní, ká kó méjì tó kù pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Èmi ò lè ṣe ìyẹn láé, irọ́ ò dáa, ajá ò sì ṣeé fi pamọ́, ẹnì kan ṣáà ti kan ilẹ̀kùn báyìí, gbogbo wọn ló máa gbó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin irú ìrìn yìí rí, ibo lẹ ń sùn? Ṣé Walmart ṣì ń gbà kéèyàn fi RV sun páàkì ṣọ́ọ̀bù wọn? Oòrùn July ńkọ́?

Dẹ́rẹ́bà Ọkọ̀ Ńlá (Chattanooga)

Ẹ kú ìmúra mà, Ọlọ́run á sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láyọ̀. Trélà ni mò ń wà, I-59 àti I-81, àwọn títì márosẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbà yẹn, ojú ọ̀nà mi ni. Walmart ṣì ń gbà àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀, mánijà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu, àwọn ìlú kan sì wà tí òfin wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni sùn sínú mọ́tò ní gbangba. Torí náà ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ fẹ́ lò gan-an ni kẹ́ ẹ pè lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ béèrè mánijà, ẹ má gbára lé ohun tí ẹnì kan kọ sórí áàpù lọ́dún tó kọjá. Cracker Barrel, àwọn ilé oúnjẹ etí títì yẹn, náà dáa, púpọ̀ nínú wọn ní àyè gígùn lẹ́yìn ilé fún bọ́ọ̀sì àti RV, ẹ ṣáà kọ́kọ́ wọlé lọ béèrè, kẹ́ ẹ sì jẹun lọ́dọ̀ wọn. Love's tún wà, àwọn ilé epo tí ọlọ́kọ̀ ńlá ń yà sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ọgbà tí wọ́n yí wáyà ká fún ajá, ibòmíì tiẹ̀ ní àyè RV oníná olómi tẹ́ ẹ máa sanwó fún. Buc-ee's ní tiẹ̀, ilé epo ńláńlá lòun náà, ẹ ra epo, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ̀, kẹ́ ẹ máa lọ, wọn ò gbà kéèyàn fi RV sun ibẹ̀ mọ́jú.

Ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín mà, tẹ́ ẹ bá yà sí ibi tí àwa ọlọ́kọ̀ ńlá ń dúró sí, ẹ má gba àyè trélà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ò jẹ́ ká wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ láìsinmi wákàtí 10, ẹni tí wákàtí ẹ̀ ti pé tó wá bá RV níbi tó yẹ kó sùn, inú ewu ló wà yẹn. Àwọn ajá yín náà ò tiẹ̀ ní gbádùn ibẹ̀, trélà oníyìnyín máa ń kùn mọ́jú ni. Rest area, ibi ìsinmi tí ìjọba ṣe sétí títì, ńkọ́? Texas fún yín ní wákàtí 24 àmọ́ Texas lẹ ti ń bọ̀. Virginia lẹ máa ṣọ́ra fún, wọn ò fẹ́ kéèyàn sun rest area wọn mọ́jú, I-81 sì ju máìlì 300 lọ ní Virginia nìkan.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Birmingham)

Ọ̀rẹ́ mi dẹ́rẹ́bà mọ ọ̀nà, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ìyá, ẹ má fi ajá mẹ́rin sun páàkì ṣọ́ọ̀bù ní July. Kò síná ńbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tan AC ẹ máa tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú, ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á bínú, ilẹ̀ ọlọ́dà yẹn sì ṣì máa gbóná ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ tọ̀. Wọ́n á tún máa gbó gbogbo ẹni tó bá ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà kọjá. Ibi ìdúró ráńpẹ́ ni, tó bá di dandan.

Ilẹ̀ ìjọba ni kẹ́ ẹ lọ wá. Àwọn RV park aládàáni, inṣọ́ránsì ló ń darí wọn, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ka orí ajá tí wọ́n sì ń béèrè irú ẹ̀yà tó jẹ́. Ti ìjọba, ohun tó kàn wọ́n jù ni pé kí ajá wà lórí okùn tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, kó má yọ ẹlòmíì lẹ́nu, kẹ́ ẹ sì kó ìgbẹ́ ẹ̀. Àwọn ibùdó Army Corps of Engineers lèmi fẹ́ràn jù, àwọn ológun tó ń kọ́ dáàmù yẹn, etí adágún tí wọ́n dá ni wọ́n máa ń ṣe ibùdó sí, àyè kan máa ń jìnnà sí èkejì, igi wà, iná wà ní púpọ̀ nínú wọn. Lọ́nà yín, Okatibbee wà lẹ́bàá Meridian ní Mississippi. Tẹ́ ẹ bá wá dé Virginia, igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní George Washington and Jefferson ló bá I-81 lọ, ibùdó Stony Fork kò jìnnà sí Wytheville, òkè ni ibẹ̀, atẹ́gùn alẹ́ ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Houston pátápátá. Recreation.gov, ìkànnì ìjọba àpapọ̀, lẹ ti máa búùkù, ẹ ka òfin ibùdó kọ̀ọ̀kan dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ sì tún pè wọ́n pé mẹ́rin ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin tàbí bàbá ti pé ọdún 62? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ lọ gba Senior Pass, páàsì tí ìjọba àpapọ̀ ń tà fún àgbàlagbà, $80 ni títí ayé, $20 tó bá jẹ́ ti ọdún kan. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card ló wà fún, ọ̀pọ̀ àwa ará ilé ò sì mọ̀ pé green card tó. Púpọ̀ nínú ibùdó ìjọba àpapọ̀ ló jẹ́ pé ìdajì owó lẹ máa san tẹ́ ẹ bá ní in.

Ìyá Ajá Mẹ́rin (Houston)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an! Bàbá wọn ti lé ní 62, green card ló ní, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ páàsì yìí fún wa rí. Ẹ jẹ́ n béèrè èyí náà o, tá a bá dúró lọ́nà láti ra oúnjẹ tàbí ká yà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣé a lè fi wọ́n sínú RV kí AC máa ṣiṣẹ́?

Nọ́ọ̀sì Ẹranko (Atlanta)

Mọ̀mí, lórí eléyìí ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, mo sì ti rí ohun tí kò dáa. Tí ìta bá jẹ́ 70 péré ní Fahrenheit, tí gbogbo wa ń pè ní ojú ọjọ́ tó tura, inú mọ́tò tí wọ́n tì pa lè dé 104 láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mississippi ní July ò tiẹ̀ mọ nǹkan tó ń jẹ́ 70 lọ́sàn-án. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara ẹ̀ lára, tí afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú bá sì ti gbóná jù, kò sọ́nà àbáyọ fún un mọ́. Èyí tó darúgbó yẹn ló máa kọ́kọ́ mú.

AC lè ṣiṣẹ́ o, àmọ́ AC náà lè kú. Breaker ibi tẹ́ ẹ ti fa iná lè já, jẹnẹrétọ̀ lè gbóná kó pa ara ẹ̀, iná ibùdó náà lè lọ sílẹ̀ nígbà tí gbogbo RV bá tan AC lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wa la sì mọ ohun tí low current ń ṣe fún AC láti ilé wá. Torí náà ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru inú RV tó ní síìmù tiẹ̀, tí inú ibẹ̀ bá ti kọjá iye tẹ́ ẹ fi sí i, á fi téèsì ránṣẹ́ sí fóònù yín. Kẹ́ ẹ má gbé èyí tó ń lo Wi-Fi, torí tíná bá lọ Wi-Fi náà lọ. Síbẹ̀síbẹ̀ kí ẹnì kan nínú yín máa dúró tì wọ́n, èkejì á wọlé lọ rajà. Ẹ̀yin méjì lẹ kúkú ń lọ.

Kí wọ́n tó tẹ ilẹ̀ ọlọ́dà, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé e fún ìṣẹ́jú àáyá 7, tẹ́ ẹ ò bá lè fara dà á, wọn ò lè fara dà á. Ẹ kó ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú fáìlì kan nítòsí ìjókòó dẹ́rẹ́bà, ibùdó lè béèrè ẹ̀, tí ajá bá sì họ ẹnì kan lára, ìwé yẹn ló máa gbà yín. Ẹ má jẹ́ kí oògùn aràn ọkàn wọn fo oṣù yìí, ẹ̀fọn ló ń kó o ran ajá, ẹ̀fọn ò sì wọ́n láti Louisiana lọ dé Mississippi. Eégbọn wà nínú igbó Tennessee àti Virginia, ẹ máa tú irun wọn wò lálaalẹ́, pàápàá ẹ̀yìn etí, abẹ́ apá àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Bàbá Ìbejì (Knoxville)

Ẹ tún wo Harvest Hosts mà, ẹgbẹ́ àwọn onírìn-àjò RV. Owó ọdún lẹ máa san, lẹ́yìn náà àwọn olóko, àwọn tó ń ṣe wáìnì, àwọn tó ń pọn bíà á jẹ́ kẹ́ ẹ sun ilẹ̀ wọn lóru ọjọ́ kan láìgbowó àyè, wọ́n kàn ń retí pé kẹ́ ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn. RV yín gbọ́dọ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tiẹ̀ nínú, ti yín sì ní in. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ò níná, torí náà July ní Mississippi kọ́ ni màá fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, tí ooru bá ti rọlẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé sí olóko, ẹ má kàn kọ "a ní ajá". Ẹ kọ iye wọn, ẹ̀yà wọn, bí wọ́n ṣe wúwo tó, kẹ́ ẹ wá béèrè bóyá adìẹ tàbí ewúrẹ́ ń rìn káàkiri lóko náà. Ajá tiwa kan, oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ìlẹ̀kùn ni mo ṣí báyìí ní àárọ̀ níbi oko kan, àkùkọ ń jẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn RV gan-an, mo ṣáà rí i tí okùn fà gbọ̀nrangandan lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run yọ wá torí mo ti so okùn mọ́ ọn lọ́rùn kí n tó ṣílẹ̀kùn. Okùn lọ́rùn kí ìlẹ̀kùn tó ṣí, ọkọ tàbí aya kan níta tó ń gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bá a ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ohun tó kan Great Smoky, ọgbà ìjọba àpapọ̀ tó wà lẹ́bàá wa, ẹ má fi ajá débẹ̀ tìtorí àtirìn nínú igbó, ọ̀nà méjì péré ni wọ́n gbà kí ajá rìn níbẹ̀. Shenandoah, irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ní Virginia, ló gba ajá tọwọ́tẹsẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n fòfin dè fún ajá níbẹ̀ ò pọ̀ rárá, ojú ọ̀nà yín ló sì wà.

Dẹ́rẹ́bà Ọkọ̀ Ńlá (Chattanooga)

Mo gba ọ̀rọ̀ Tíṣà. Mà, tẹ́ ẹ bá wá sùn lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ wo Chester Frost Park, ti ìjọba ìbílẹ̀ Hamilton County ni, etí omi Chickamauga ló wà, àyè RV wà níbẹ̀. Ẹ máa débi tẹ́ ẹ fẹ́ sùn kí ilẹ̀ tó ṣú, bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Tí wọ́n bá fẹ́ yọ yín lẹ́nu lórí ajá, ẹ ṣì ní ìmọ́lẹ̀ láti wá ibòmíì.

Ìyá Ajá Mẹ́rin (Houston)

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, mo ti jókòó ti bàbá wọn lálẹ́ àná, a ti fà á jáde báyìí: Meridian, Chattanooga, Wytheville, lẹ́yìn náà Maryland. Mo ti pe Okatibbee, mo ní "mẹ́rin, ọ̀kan pit bull", obìnrin tó gbé fóònù ní kò burú tá a bá fokùn sí wọn lọ́rùn, mo ní kó jọ̀ọ́ kó kọ ọ́ sínú búkìń wa, ó sì kọ ọ́. Bàbá wọn ò sọ̀rọ̀ fífi ajá pamọ́ mọ́. Alẹ́ àkọ́kọ́ ló kù, ọ̀nà Baton Rouge, ta ló mọ ibì kan níbẹ̀ tó níná?

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Birmingham)

Tickfaw State Park, ẹ ré Baton Rouge kọjá díẹ̀ lórí I-12. Ti ìjọba Louisiana ni, kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, torí náà ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba Senior Pass, àyè oníná olómi sì wà. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ sọ iye ajá bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún ti Meridian. Àbàtà ló yí ibẹ̀ ká o, ọ̀nì ń bẹ nínú omi ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìkankan nínú wọn mu omi létí odò, pàápàá kékeré yẹn, ẹ bu omi fún wọn nínú abọ́ ní ẹnu ọ̀nà RV.