Ẹjọ́ adójútòfò tí kò tíì parí àti ìrìn àjò àbúrò mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa òfin. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó kọlu ọ̀kadà tí àbúrò mi ọkùnrin wà lẹ́yìn rẹ̀ ní Ìbàdàn, egungun itan rẹ̀ sì dá. Ọkọ̀ náà ní ìwé adójútòfò tí òfin sọ di dandan, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tí ó ṣe ìwé náà kọ̀ láti sanwó, wọ́n ní ọlọ́kadà ni ó jẹ̀bi, ni a bá gba ilé-ẹjọ́ gíga lọ. Láti ìgbà náà, ẹ lọ, ẹ padà wá ni.

Ní báyìí, yunifásítì kan ní ìlú Ọba ti gbà á wọlé fún oṣù Kẹsàn-án. Iṣẹ́ abẹ ti gbé owó tí àwọn òbí wa fi pamọ́ fún ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ń fúnni ní físà fẹ́ rí owó náà nínú báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko.

Ṣé adájọ́ lè gba ẹ̀rí rẹ̀ ṣáájú ìrìn àjò, tàbí kí ó jẹ́rìí láti òkè òkun lórí fídíò? Agbẹjọ́rò wa ní kí ó má tíì lọ, nítorí pé òun ni olùpẹ̀jọ́, agbẹjọ́rò alátakò sì gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè. N kò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè máa jókòó sílé. Bí ó bá sì lọ, tí ó gbé àwòrán ara rẹ̀ sórí Facebook láìsí ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ́wọ́, ṣé wọn kò ní sọ pé ara rẹ̀ ti yá? Iléeṣẹ́ náà ti fi owó táṣẹ́rẹ́ lọ̀ wá kí a lè pa ẹjọ́ rẹ́, kò tó ìdajì owó ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ṣé kí a gbà á?