Ọmọ ajá mi kú lóṣù tó kọjá, òmíràn ń bọ̀ ní Sátidé: kí ni kí n ṣe kó tó dé?

Bàbá Àkóbọ̀: Ẹ kú ilé o. Ìbàdàn ni mo wà, lápá Àkóbọ̀. Lóṣù tó kọjá mo ra ọmọ ajá kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tà wọ́n lẹ́bàá títì. Ó ní ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan nílé tó fi kọ oúnjẹ, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, òórùn ibẹ̀ kọjá sísọ. Ọjọ́ kẹta, ó kú. Àwọn ọmọ sunkún títí. Ajá ẹ̀gbọ́n mi ní Moníyà wá bímọ márùn-ún, ó ní kí n wá mú ọ̀kan ní Sátidé tí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ méje. Ẹ̀rù ń bà mí. Eégbọn ṣì ń rìn lára ògiri ibi tí mo so ti àkọ́kọ́ mọ́, aládùúgbò mi sì ní kí n fi otapiapia wẹ èyí tó ń bọ̀. A tún ní ológbò. Ìyàwó mi lóyún oṣù mẹ́rin, ìyá rẹ̀ ti ní àfi kí ológbò kúrò nílé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì Apẹtẹ: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. "Ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́", káàdì rẹ̀ dà? Mo bi ọ̀kan nínú wọn bẹ́ẹ̀ rí, ó ní òjò ló ba káàdì jẹ́. Ó tún bínú sí mi. Ìbàdàn mesiọ̀gọ̀, níbi olè gbé ń jàre olóhun.

Ọmọ Òkè-Àdó: Ẹ má náwó dànù lórí eégbọn. Ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú ni kí ẹ fi pa á lára. Bàbá mi ṣe é, eégbọn bọ́.

Ìyá Ìbejì Apẹtẹ: Àbúrò, ajá kì í lá ara rẹ̀ nílé yín ni? Ohun tí ẹ bá fi pa á lára, inú rẹ̀ ló ń lọ. Otapiapia lọmọ ọ̀dọ̀ wa fi wẹ tèmi. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbọ̀n, a gbé e sínú mọ́tò, a ò tíì dé ilé ìwòsàn ẹranko ní Mọ́kọ́lá tó fi dákẹ́. N kì í fẹ́ rántí ẹ̀.

Dókítà Ẹranko: Bàbá Àkóbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ajá yẹn wálé ní Sátidé. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn jọ páfò, àrùn ìfun tí fáírọ́ọ̀sì ń kó ran ọmọ ajá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láìyẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò n ò lè búra. Fáírọ́ọ̀sì páfò kì í bá ajá kú. Ó wà nínú abọ́ tó fi jẹun, nínú àgbàlá, lábẹ́ bàtà yín, ó sì lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àgàgà níbi tí oòrùn kì í dé. Ilé lẹ máa kọ́kọ́ tọ́jú, kí ẹ tó ronú kan ajá.

Ẹ dáná sun àkísà tó sùn lé. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́, torí blíìsì kì í ríṣẹ́ ṣe lórí ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà, blíìsì ìwọ̀n 1 sínú omi ìwọ̀n 30, kó wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣàn án. Ẹ má tẹ̀ lé òórùn o: apakòkòrò tó ń rùn gùù lè má pa páfò rárá.

Ní ti abẹ́rẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni àkọ́kọ́, a ó sì máa tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn títí ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán. Àwọn èèyàn máa ń rò pé owó la fẹ́ gbà. Rárá. Ààbò tó bá wàrà ìyá wọ inú ọmọ ló máa ń bá abẹ́rẹ́ jà, a ò sì mọ ọjọ́ tí ààbò yẹn máa tán lára ajá kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí ẹyọ kan ò fi tó nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Moníyà ni kó ti gbà á tán. Aràn ńkọ́? Láti inú ìyá ni wọ́n ti ń kó o, nítorí náà láti ọ̀sẹ̀ kejì ló ti yẹ kí wọ́n máa lo oògùn rẹ̀, lọ́sẹ̀ méjì-méjì títí di ọ̀sẹ̀ 8, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí á fi pé oṣù 6. Kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n kí wọ́n tó wọn oògùn.

Eégbọn: abo tó bá ti mẹ́jẹ̀ yó máa ń jábọ́ lára ajá, á gun ògiri, á yé ẹyin bí ẹgbẹ̀rún mélòó kan sínú lílà. Ẹ wẹ ajá títí dọ̀la, tí ẹ ò bá dí lílà ògiri, àwọn ọmọ ẹ̀ á padà wá. Ẹ dí i, kí ẹ fín ibẹ̀ nígbà tí ẹranko kankan ò sí níbẹ̀. Tí ajá bá wá dé, ẹ máa ṣí ètè rẹ̀ wò. Tí èrìgì bá funfun, tí ìtọ̀ sì rí bí omi zóbò, ó ṣeé ṣe kí eégbọn ti kó ibà fún un nìyẹn. Ẹ má dúró di ọ̀la.

Ológìnní Mẹ́ta: Ẹ má lé ológbò o! Àmọ́ màmá náà ò purọ́ tán. Ológbò tó ń jẹ eku tàbí ẹran tútù lè máa yàgbẹ́ kòkòrò kan tó lè ṣe ọmọ inú oyún níjàǹbá. Ó tó ọjọ́ kan kí ìgbẹ́ yẹn tó léwu, nítorí náà ẹ̀yin bàbá ni kẹ́ ẹ máa kó o lójoojúmọ́, kì í ṣe ìyàwó. Kí ó fọ ẹ̀fọ́ dáadáa, kó se ẹran jinná, kó sì sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú oyún. Ẹ má sì fi oògùn eégbọn ajá sí ológbò lára láìbéèrè. Èyí tí pẹ́mẹ́tírìn bá wà nínú ẹ̀ ń pa wọ́n. Párásítámọ́ọ̀lù náà, ẹyọ kan lè parí ẹ̀. Tí ẹ bá rí ohun tó dà bí hóró ìrẹsì ní ìdí rẹ̀, aràn ni.

Dókítà Ẹranko: Ẹ ṣeun. Mo gbàgbé dìgbòlugi! Tí wọ́n bá ti pé oṣù mẹ́ta, ajá àti ológbò, kí wọ́n gba tiwọn, kí wọ́n tún un gbà kó tó pé ọdún kan. Tí ajá tí ẹ ò mọ̀ bá gé ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi epo pupa sí i.

Bàbá Àkóbọ̀: Ọlọ́run á san án fún yín. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi: ìyá ajá gan-an ò gba abẹ́rẹ́ rí! Ó ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè òun máa kó gbogbo wọn lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti UI. Bíríkìlà ń bọ̀ lọ́la wá dí ògiri. Iṣẹ́ ìgbẹ́ ológbò ti di tèmi, ìyá ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n apá kan àgbàlá mi ò ní sìmẹ́ńtì, abẹ́ igi máńgòrò ni. Blíìsì ńkọ́ níbẹ̀?

Dókítà Ẹranko: Kò ní ṣiṣẹ́ lórí iyẹ̀pẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka díẹ̀ kí oòrùn lè wọbẹ̀, kí ẹ sì ṣọgbà yí i ká. Ajá tuntun ò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ títí á fi gba abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, kí ọ̀sẹ̀ méjì sì kọjá lé e.