Oògùn ara yíyún tí kì í kun èèyàn lóorun: kí n tó lọ sí Ojúde Ọba

Ìyá Ìbejì, London
Ẹ̀yin ọmọ Alágẹmọ, ẹ kú ojúmọ́ o. Mo ń lọ sílé fún Ojúde Ọba, aṣọ ẹgbẹ́ ti wà lọ́wọ́ télọ̀. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, bí àwọn ẹlẹ́ṣin ṣe ń kọjá níwájú wa ni imú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Ọrùn mi lé, apá mi lé, ó wú bí ìgbà tí ẹ̀fọn mẹ́wàá jẹ èèyàn lójú kan. Ẹnì kan fún mi ní Pírítọ̀n méjì, ni mo bá sùn lọ fọnfọn lórí àga, láàárín ìlù àti ìró ìbọn. Ẹgbẹ́ wa ti kí Ọba tán kí n tó jí. Ó dùn mí púpọ̀. Kí ni kí n lò lọ́tẹ̀ yìí?

Ọmọ Ṣàgámù, Birmingham
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Iṣẹ́ apòògùn ni mo ń ṣe. Pírítọ̀n máa ń wọ inú ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí oorun fi ń kunni. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, cetirizine, loratadine àti fexofenadine, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀.

Cetirizine tàbí loratadine, hóró kan mg 10 lóòjọ́ ló tó àgbàlagbà. Ọ̀kan ni kí ẹ mú, ẹ má lo méjèèjì pọ̀, ẹ má sì fi Pírítọ̀n lé e. Ẹ lò ó láàárọ̀ kí ẹ tó jáde. Cetirizine ṣì máa ń kun àwọn kan lóorun, nítorí náà ẹ ti dán an wò nílé lọ́jọ́ tí ẹ kò ní wakọ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dáa tó gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó lò ó. Ní ti fexofenadine, omi lásán ni kí ẹ fi gbé e mì. Omi ọsàn tàbí omi ápù kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ọmọ Ìpẹ̀rù, Houston
Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ wo ara páálí dáadáa. Bí ẹ bá rí lẹ́tà D lẹ́yìn orúkọ oògùn náà, pseudoephedrine, oògùn tó ń la imú dídí, sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì ń lé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ọkọ mi lò ó láìmọ̀, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìyá Ìbejì, London
Ẹ ṣeun gan-an. Ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́? Edé máa ń mú ètè mi yún, ṣùgbọ́n bí mo bá ti lo hóró yìí, ṣé mi ò lè jẹ ẹ́?

Ọmọ Ṣàgámù, Birmingham
Rárá o, mà, ẹ jọ̀ọ́! Oògùn yìí kò lè gbà yín lọ́wọ́ edé. Bí ahọ́n tàbí ọ̀fun bá wú, bí èémí kò bá já gaara, bí òòyì bá ń kọ́ yín, abẹ́rẹ́ adrenaline ló lè gba ẹ̀mí là. Ẹ má dúró wo bóyá hóró máa ràn án. Ní London, ẹ pe 999; nílé, ẹ pe 112, kí ẹ sì ti mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ edé yìí fún GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí wọ́n bá fún yín ní abẹ́rẹ́ náà, báàgì ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú àpótí.

Nǹkan mìíràn tó ń jẹ mí lọ́kàn: ẹni tó ń lo lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ètè rẹ̀ ṣàdédé wú, tí ara kò sì yún un, oògùn yẹn gan-an lè fà á. Ó máa ń ṣe àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn yòókù lọ. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa nílé, Ìjẹ̀bú-Òde
Àbúrò mi, ẹ gbé oògùn yín bọ̀ tòun ti páálí rẹ̀. Mo máa wá àyè fún yín lọ́wọ́ ẹ̀yìn, níbi tí eruku ẹṣin kò ti ní bá yín. Mo ti sọ fún alásè pé ìkòkò tiyín lọ́tọ̀, ewùrà àti ẹja nìkan, kò gbọdọ̀ fi ṣíbí tó kan edé rò ó.

Ìyá Ìbejì, London
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Mo ti pe GP, ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kí n wá.