Cowslip kò ní akọ, kò ní abo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Mo rí àbá tó wọlé lánàá pé, nínú ohun tí à ń kọ ní Yorùbá, ká pe oríṣi méjì tí òdòdó cowslip ní, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè inú ọ̀dàn ilẹ̀ Yúróòpù, ní "akọ cowslip" àti "abo cowslip". Ó dùn ún pè, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn.

Ẹ ya òdòdó náà wò. Ihò tóóró kan ló wà láàárín rẹ̀. Lára irú kan, ọrùn tó ń gba lẹ́búlẹ́bú (pollen, èyí tí òdòdó fi ń so) ga dé ẹnu ihò, orí rẹ̀ rí roboto, àpò lẹ́búlẹ́bú sì wà nísàlẹ̀. Lára irú kejì, àpò ló wà lẹ́nu, ọrùn ló sá pamọ́ sínú. Àtèyí àtọ̀hún ló ní lẹ́búlẹ́bú, àtèyí àtọ̀hún ló ń so. Ìbẹ́pẹ la mọ̀ tó ní akọ tí kì í so. Charles Darwin, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gan-an kọ́kọ́ rò pé èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn ló fẹ́ di abo, àfìgbà tó wo èso wọn, tó rí i pé ọlọ́rùn kúkúrú ló so jù. Ohun tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1862 ni pé lẹ́búlẹ́bú irú kejì ni irú kọ̀ọ̀kan nílò kó tó lè so dáadáa.

Bí a bá wá kọ akọ àti abo, òǹkàwé á rò pé ìwọ̀nba akọ díẹ̀ ti tó, bí àkùkọ kan ṣe ń tó agbo adìẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Estonia, orílẹ̀-èdè kan ní àríwá Yúróòpù, níbi tí màlúù àti àgùntàn ti ń jẹ ọ̀dàn mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́, ẹran ti dín kù, igi juniper àti igbó sì ń bo ibẹ̀. Òdòdó tó ṣẹ́ kù di ìdì kékeré níbí, ìdì kékeré lọ́hùn-ún. Ká ní mẹ́wàá ló kù lójú kan, tí mẹ́jọ jẹ́ irú kan náà, méjì péré ni mẹ́jọ yẹn á máa retí lẹ́búlẹ́bú lọ́wọ́ wọn. Oyin onírun tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú kiri kì í sì í fẹ́ wọ inú òjìji lọ wá òdòdó mẹ́wàá. Ní 2019 ni Yunifásítì Tartu níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ará ìlú pé kí wọ́n máa yẹ ẹnu òdòdó yìí wò, kí wọ́n ka irú kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọrùn rẹ̀ kúrú ló pọ̀ jù, ibi tí òdòdó kò sì pọ̀ sí ni àìdọ́gba náà ti le jù. Cowslip ń pẹ́ láyé, nítorí náà ojú lè máa rí i lọ́dọọdún kó má sì ní ọmọ kankan nílẹ̀. Hóró rẹ̀ ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù.

Mo ti fẹ́ dábàá "ọlọ́rùn-gígùn", àmọ́ ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ á sọ ọ́ di Ọlọ́run mọ́ wa lọ́wọ́. "Ayọrùn" àti "apọrùnmọ́" ni mo fara mọ́: ọ̀kan yọ ọrùn síta, èkejì pa á mọ́.

Ẹni tó kọ "ọ̀dàn di aginjù" fún ọ̀dàn tí igbó bò náà, ẹ jọ̀ọ́, Bíbélì ti fi iyanrìn kún ọ̀rọ̀ yẹn. "Igbó ti gba ọ̀dàn" ti tó.